Iná Tí Kò Jẹ́ Ìpè

Bí a bá rán ọmọ níṣẹ́ tí ọmọ kò dé, kì í ṣe ẹni tí a rán an sí la kọ́kọ́ ń bá jà. Ọ̀nà tí ọmọ náà gbà lọ là ń bèèrè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná ilé tí à ń fi rìmóòtù tàn láti orí àga. Ọjọ́ tó bá kọ̀ tí kò jẹ́ ìpè, gílóòbù la máa ń bú, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ ti sọnù. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn rẹ̀.

Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Pico Electronics ní ìlú Glenrothes, nílẹ̀ Scotland, dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní X10, nítorí pé òun ni ìkẹwàá nínú àwọn iṣẹ́ wọn. Èrò wọn ni pé, wáyà ṣáà ti wà nínú ògiri. Kí la tún fẹ́ fi òmíràn ṣe? Iná inú wáyà a máa lọ, a máa bọ̀, bí ọmọdé tó ń gun jangirọ́fà. Ní ìṣẹ́jú akàn tó bá fẹ́ yí padà, tí agbára rẹ̀ bọ́ sí òdo, ni ẹ̀rọ yìí yóò sáré ta iṣẹ́ tirẹ̀ sórí wáyà kan náà. Lẹ́tà kan, láti A dé P, dúró fún ilé. Nọ́ńbà kan, láti 1 dé 16, dúró fún iná. Nígbà tó fi di 1978, ó ti wà lórí àtẹ ní Amẹ́ríkà.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà méjì tó ń gbé iná ló ń wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, fóòtì 120 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí a bá rán lórí ọ̀kan lè má dé ọ̀dọ̀ iná tó wà lórí èkejì. Ohun tó ya onílé lẹ́nu ni pé, bí ìyàwó bá tan sítóófù oníná, iná tó ti kọ etí ikún tẹ́lẹ̀ á tún gbọ́ràn! Kò sí oògùn níbẹ̀ o. Wáyà méjèèjì ni sítóófù ń lò, ó wá di afárá fún iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe afárá kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ibi tí wáyà ti wọlé.

Tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà náà a máa gbé iṣẹ́ mì, nítorí ariwo lásán ni wọ́n kà á sí. Ẹ̀tọ́ ibẹ̀ ni pé kí onílé máa yọ wọ́n kúrò lára iná lọ́kọ̀ọ̀kan títí gílóòbù yóò fi dáhùn. Èyí tó bá jẹ̀bi, kó fi asẹ́ sí i. Bí aládùúgbò tó wà lórí tiransifọ́mà kan náà bá sì lo lẹ́tà kan náà ńkọ́? Á kàn máa bá yín tan iná yín ni! Ẹ pààrọ̀ lẹ́tà.

Àléébù tó tóbi jù ni pé ìránṣẹ́ X10 àkọ́kọ́ lọ, kò sì padà wá jíṣẹ́. Ní 2005, SmartLabs ní California gbé Insteon jáde: iṣẹ́ ń gba wáyà, ó ń gba afẹ́fẹ́, èsì sì ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí fóònù dé, iṣẹ́ tí ẹni tó wà ní pálọ̀ rán sí gílóòbù orí rẹ̀ lè kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà lọ́nà jíjìn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, àwọn kọ̀ǹpútà náà kú láìsí ìkìlọ̀. Gílóòbù pé, wáyà pé, fóònù pè títí, iná kò dáhùn. Àwọn tó fi ìkánjú dá àpótí wọn padà sí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n rà á tún pàdánù gbogbo ètò inú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, díẹ̀ nínú àwọn tó ń lò ó ra dúkìá ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì jí kọ̀ǹpútà dìde.

Ní gbogbo àkókò yẹn, súwìṣì ara ògiri ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú iná yìí, ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó: bí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé lọ́la, ṣé iná mi á ṣì gbọ́ tèmi? Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.