ILÉ, ÒKÚTA ÀTI ODÒ: OHUN TÍ A RÍ KỌ́ NÍ ÀFONÍFOJÌ ODÒ ÒGÙN

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ìwé ayẹyẹ yìí má jẹ́ àwòrán àti ìkíni nìkan, kí ìtàn náà ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí a ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, a ti ń ṣe ìpàdé, a ti ń dá owó, a ti ń dá aṣọ, a ti ń bá ara wa sin òkú, a sì ti ń bá ara wa sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àlejò wa kò mọ̀ mọ́ wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń jùmọ̀ rìn káàkiri Abẹ́òkúta, láti etí Odò Ògùn dé orí Olúmọ, a ń wo àwọn ilé àtijọ́ àti àwọn ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí ojú wa rí àti ohun tí a rí kọ́ ni a kó jọ síhìn-ín.

Odò náà

Odò Ògùn ṣẹ̀ láti àwọn òkè agbègbè Ṣakí, ó ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù, ó gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó wọ ọ̀sà ní Èkó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín jẹ: kì í ṣe Ògún onírin ni a ń pè. Ohùn orúkọ odò yìí wálẹ̀ ní ìparí, Yemọja ni ó sì ni ín. Orúkọ Yemọja yìí náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé sọdá òkun. Ní Salvador ní ilẹ̀ Brazil, àwọn apẹja àti ọ̀pọ̀ èrò máa ń gbé ẹ̀bùn lọ fún un sójú òkun ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé lọ́dọọdún. Ní Kúbà, Yemayá ni wọ́n ń pè é. Odò tí àwa ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá ní Lafẹnwá láì bojú wo ẹ̀gbẹ́, ẹni tí kò fojú kàn án rí ń kí olówó orí rẹ̀ ní òkèèrè.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, odò yìí ni títì. Láti Èkó, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n máa ń gba Agbóyì wọ inú odò, wọn a tukọ̀ títí dé èbúté Aró lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Epo pupa àti òwú ń bá a sọ̀ kalẹ̀ lọ, aṣọ àti iyọ̀ ń bá a gòkè bọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí omi fà, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ní 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Láti ìgbà náà ni odò ti di ohun tí a ń wò láti òkè afárá. Ní 1983 ni wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán, lórí odò tó ń ṣàn wọ inú Ògùn, láti máa fi pèsè omi fún Èkó àti Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ẹni tó bá bu omi ẹ̀rọ mu nílùú yìí, àfonífojì yìí náà ló ń bọ́ ọ.

Olúmọ àti àwọn ìlú tó di àdúgbò

Gbogbo àlejò ló mọ Olúmọ. Òkè náà ga tó mítà 137 sí ìpele òkun, àtẹ̀gùn wà, ẹ̀rọ agbéniròkè náà sì wà fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló jẹ́ pé fọ́tò nìkan ni wọ́n ń gùn ún lọ yà. Ohun tí a máa ń fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kàn ni àwọn ihò kéékèèké tó wà lára àpáta nínú ihò ìsápamọ́ náà. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti lọ ohun jíjẹ nígbà tí ogun ń lé wọn. Òkúta tí obìnrin lọ ata lórí rẹ̀ títí ó fi jinnú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí bí a ṣe débẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀ ní bíi 1821, ogun náà tàn dé Igbó Ẹ̀gbá, ó sì run àwọn ìlú tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣẹ́kù sá lọ sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò rọgbọ. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí abẹ́ Olúmọ. Àwọn Òwu náà dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ rẹ̀ dání, ó sì tẹ̀dó sí ààyè tirẹ̀. Ìgbẹ̀in, Ìjẹmọ̀, Ìtòkò, Kẹ́mta, Ìkìjà: àdúgbò ni à ń pè wọ́n lónìí, ìlú ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Abẹ́òkúta fi ní ọba mẹ́rin, Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, Àgùrá àti Olówu. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa rò pé ìjà oyè nìkan ló mú wa pọ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlú tó ti fọ́ ni ó pàdé, tó gbà láti máa gbé pọ̀.

Ìgbépọ̀ náà sì rí ìdánwò. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Ẹrẹ́nà 1851, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì, tọkùnrin tobìnrin, wọlé wá láti ìhà odò. Lẹ́bàá odi ìlú ní Aró ni wọ́n ti dá wọn padà. Ní 1864 wọ́n tún wá, wọ́n tún fìdí rẹmi. Nígbàkigbà tí a bá dúró ní Aró, a máa ń ní kí àwọn èwe wa wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ láti etí odò wá, kí wọ́n lè mọ ìdí tí àwọn baba wa fi mọ odi.

Aké

Ní Aké, ẹsẹ̀ kò níláti rìn jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ wà níbẹ̀, èyí tí a máa ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ààfin Aláké wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn Ọgọ́rùn-ún Ọdún náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1930 nígbà tí ìlú pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Henry Townsend kọ́kọ́ wọ ìlú yìí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1843. Ní 1846 ó padà wá pẹ̀lú Samuel Ajayi Crowther. Crowther yìí, ọmọ Òṣogùn ni, 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ògún 1846, ní Abẹ́òkúta níbí, òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin ìyá tó wà láàrin wa, ẹ fi ọwọ́ lé àyà kí ẹ ro èyí wò.

Ní Aké náà ni Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù Ọ̀pẹ 1859. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1867 ni Ifọ́lé ṣẹlẹ̀: ìlú bínú sí àwọn òyìnbó, wọ́n fọ́ ilé wọn, wọ́n lé wọn lọ, ìwé ìròyìn náà sì parí síbẹ̀. Àwa kì í sáré kọjá ìtàn yìí. Ẹ̀rù tó ń ba ìlú nígbà náà pé òyìnbó Èkó yóò gba ilẹ̀ wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ìjọba Ẹ̀gbá dá dúró fúnra rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn 1893, ṣùgbọ́n ní 1914, lẹ́yìn tí sójà ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìjẹmọ̀, àwọn òyìnbó fagi lé àdéhùn náà.

Ilé àwọn obìnrin

Bí a bá ti kúrò ní Aké, a máa ń lọ sí Ojókòdó, níbi tí wọ́n sin Ìyálóde Ẹfúnróyè Tinúbú sí ní 1887. Wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó wá síbí, ó tún òwò rẹ̀ gbé ró. Ó wà lára àwọn tó pèsè ohun ìjà nígbà ogun Dàhọ̀mì, ìlú sì fi oyè Ìyálóde dá a lọ́lá ní 1864. Ẹni tí a lé jáde níbì kan ni ó di igi lẹ́yìn ọgbà níbòmíràn.

Láti ibẹ̀, ó di ilé ìdílé Ransome-Kuti ní Ìsàbọ̀, èyí tí wọ́n ti sọ di ilé ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1900, kó àwọn obìnrin ọjà àti àwọn obìnrin olùkàwé pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Láti 1947 ni wọ́n ti ń lọ jókòó níwájú ààfin nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1950 ó padà. Àwọn àgbà wa kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí títí dòní, a kò sì ní kí wọ́n fẹnu kò. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹgbẹ́ tí ó mọ ohun tí ó ń wá lè mì ìlú.

Líṣàbí àti àwa

Ìbéèrè kan máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ wa: kí ni ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́-ọjọ́-orí kàn nínú gbogbo èyí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn Líṣàbí. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ ń ni Ẹ̀gbá lára, Líṣàbí bẹ̀rẹ̀ àáró. Gbogbo wa la mọ àáró: lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ ro oko tèmi, lọ́la, wọ́n ro oko tìrẹ. Nígbà tí ó kan Líṣàbí, ó ní kí wọ́n fi ogun òmìnira san àáró òun. Wọ́n dìde sí àwọn ìlàrí lẹ́ẹ̀kan náà kárí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá sì bọ́ nínú ìsìn. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko ni òmìnira ti jáde wá.

Ilé tiwa ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan wa gan-an. Olúmọ kò lè wó. Ìjọ ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Àwọn ilé tó ń lọ ni ilé àwọn ìdílé tiwa: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí àwọn Sàró àti àwọn oníṣòwò àtijọ́ kọ́, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ pákó, tí páànù rẹ̀ ti pọ́n. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìrìn yìí, àwọn kan wà tí a máa ń dúró wò. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù ló wà lójú ilẹ̀ wọn.

A ti bi ara wa léèrè ohun tó fà á. Ilé ẹbí ni ilé náà, gbogbo ọmọ ló ni ín, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò dá tún un ṣe. Ẹni tó wà l'Ékòó ní ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni kó tún un ṣe. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní ẹni tó lówó ni kó tún un ṣe. Láàrin èyí, páànù kan ṣí. Àwọn bíríkìlà àgbà sọ fún wa pé ògiri amọ̀ lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún bí òrùlé bá dára. Òjò tó ń wọ orí ògiri ni ó ń pa á. Wọ́n tún ní bí a bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ara amọ̀, omi tó wà nínú rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde, ara ògiri a sì máa bó. Páànù díẹ̀ lásìkò rẹ̀ ì bá ti gba ọ̀pọ̀ ilé là.

Nítorí náà, bí ọdún kọkànlá ṣe ń bọ̀, a bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ohun mẹ́ta tí kò ju agbára ẹnikẹ́ni lọ. Èkíní, kí olúkúlùkù ya fọ́tò ilé ẹbí rẹ̀, níta àti nínú, kí ó tó di ìròyìn. Èkejì, kí a jókòó ti àgbà tó kù nínú ẹbí, kí a kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ilé náà sílẹ̀, àti ibi tí ó ti wá, àti àwọn tí wọ́n sin sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a tún àáró dá: ní ọdọọdún, kí ẹgbẹ́ mú òrùlé ilé ẹbí ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí gbogbo wa pawọ́ pọ̀ bò ó.

Bí Líṣàbí ṣe fi àáró ṣe òmìnira, ẹ jẹ́ kí àwa fi àáró ṣe òrùlé. Orí Olúmọ kò ní jẹ́ kí ilé wa tú. Ọdún mẹ́wàá mìíràn yóò tún bá wa láyọ̀, lókun àti lálàáfíà. Àṣẹ.