Ọ̀pá Tó Ń Darí Bààlúù: Bí Joystick Ṣe Dé Orí Tábìlì Wa

Ní Òkè-Ògùn wa níbí, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, kò sí pápákọ̀ òfurufú tí èrò ti ń wọ bààlúù. Ẹni tó bá fẹ́ fò, Ìlọrin, Ìbàdàn tàbí Èkó ni yóò forí lé. Síbẹ̀, bí iná bá wà tí bátìrì sì kún, àwọn ọ̀dọ́ ibí náà ń wa bààlúù. Orí láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ti ń wà á. Àwa tí a ń fi iṣẹ́ sọ́fítíwíà jẹun ni wọ́n sì máa ń wá bi léèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, irú joystick wo ni kí n rà?"

Ìdáhùn wa máa ń gùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ, torí pé gbogbo ohun tó wà lára joystick ló ní ìdí, ẹ̀mí àwọn kan sì ti lọ sí i kí a tó mọ òmíràn nínú àwọn ìdí náà. Ẹni tó bá mọ ìtàn rẹ̀ á mọ èyí tó yẹ kó sanwó fún àti èyí tó lè fojú fò dá. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pọ́npọ́n.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, nígbà tí Orville Wright gbé ọkọ̀ òfurufú tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wilbur ṣe sókè ní Kitty Hawk, ní Amẹ́ríkà, kò sí ọ̀pá bíi ti joystick nínú rẹ̀. Ṣe ni Orville dojú bolẹ̀ lórí ìyẹ́ ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ di ọ̀pá kékeré kan mú tó ń gbé imú ọkọ̀ sókè tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìbàdí ló fi ń sún pákó kan sọ́tùn-ún sósì kí ìyẹ́ ọkọ̀ lè lọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré ló lò lókè nígbà àkọ́kọ́ yẹn.

Àwọn Faransé ló wá ètò tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Robert Esnault-Pelterie wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ọ̀pá kan ṣoṣo sí iwájú awakọ̀. Ní 1908, Louis Blériot ṣe ọkọ̀ kan tí ọwọ́ ń darí pẹ̀lú ọ̀pá, tí ẹsẹ̀ sì ń darí ìtọ́kọ̀ tó wà ní ìrù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1909, ó gba orí omi tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ó lò tó ìṣẹ́jú 36. Ọwọ́ ń ṣe tirẹ̀, ẹsẹ̀ ń ṣe tirẹ̀: ètò yìí ni ọ̀pọ̀ bààlúù ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní.

Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn ahunṣọ òfì nílùú Ìsẹ́yìn rí kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń tẹ igi ìsàlẹ̀ ní ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí òwú lè là sí méjì, ọwọ́ wọn sì ń ju òwú mìíràn gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́, ọwọ́ ò ní rí ọ̀nà. Bí bààlúù náà ṣe rí nìyẹn. Bí awakọ̀ bá ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, ìyẹ́ ọ̀tún á rẹlẹ̀, tòsì á gbéra. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ òsì tó gbéra yìí á máa fa imú bààlúù padà sósì, àfi kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìtọ́kọ̀ kí imú tó wá sípò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i tí a bá dé ọ̀rọ̀ ọjà rírà.

Wàhálà tó kù ni bí ènìyàn ṣe máa kọ́ ọ láìkú. Ní 1929, Edwin Link, ọmọ oníṣẹ́ dùùrù ní ìlú Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York, mú ẹwìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù, ó sì fi gbé àpótí kan tó dà bíi bààlúù kékeré dúró. Bí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ bá ti ọ̀pá, àpótí náà á tẹ̀, á yí, á gbérí, ṣùgbọ́n kò ní kúrò nílẹ̀. Àwọn olùkọ́ awakọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ló ń rà á, kí èrò lè san owó díẹ̀ kí wọ́n sì fi ṣeré. Ẹ ò rí i pé géèmù ni wọ́n kọ́kọ́ pè é?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1934, wọ́n gbé iṣẹ́ fífi bààlúù kó lẹ́tà fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ìjì àti ìkùukùu ìgbà òtútù ká wọn mọ́ ojú ọ̀run. Láàárín oṣù díẹ̀, awakọ̀ tó ju mẹ́wàá lọ ti kú. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ bí a ṣe ń wa bààlúù nígbà tí ojú ò bá rí ìta, tó jẹ́ pé aago iwájú awakọ̀ nìkan ló kù láti máa wò. Ẹni tó bá mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe máa ń bo òkè Ṣakí lóṣù Kìíní á mọ ohun tí à ń sọ. Ọdún yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ ológun ra mẹ́fà lára àpótí Link. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì fi máa parí, iye tí wọ́n ti ṣe lé ní 10,000.

Inú ogun yẹn ni ọmọ Yorùbá kan ti wọ ìtàn yìí. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ òyìnbó di ọ́físà ní RAF, ìyẹn iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú wọn. Ogun ló mú kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Ní 1942, Emanuel Peter John Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, di awakọ̀ òfurufú àti ọ́físà níbẹ̀, òun sì ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1945, bààlúù já lulẹ̀ ní Wales, ó sì bá a lọ. Oṣù díẹ̀ ló kù kí ogun náà parí. Nígbà yẹn, ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀pá bààlúù, àfi kó sọdá òkun, kó sì jagun.

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ bààlúù sílẹ̀ ní Zaria ní 1964. Nígbà tó yá, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ìlọrin ò jìnnà sí wa, àmọ́ owó irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ahunṣọ.

Báwo wá ni ọ̀pá náà ṣe kúrò nínú bààlúù? Ogun tún ni. Ní 1943, àwọn ọmọ ogun Jámánì ń fi joystick kékeré darí bọ́ǹbù Hs 293 láti inú bààlúù tó jù ú sílẹ̀. Rédíò ló ń gbé àṣẹ ọwọ́ wọn lọ bá a. Ọwọ́ wà níbì kan, ohun tó ń darí wà níbòmíràn. Ohun tí joystick ń ṣe lórí tábìlì wa nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré la fi ń ṣe.

Ní ti kọ̀ǹpútà, Bruce Artwick, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Illinois, kọ ìwé àṣejáde rẹ̀ ní 1975 lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ya àwòrán ìfò bààlúù. Òun ló kọ Flight Simulator fún Apple II, Microsoft sì gbé tiwọn jáde fún kọ̀ǹpútà IBM ní 1982. IBM PC ti 1981 ní káàdì kan tí a lè so joystick mọ́. Nínú joystick ìgbà náà, nǹkan tó dà bí èyí tí a fi ń yí ohùn rédíò sókè ló wà: ọ̀kan fún iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì. Kọ̀ǹpútà á máa ka bó ṣe pẹ́ tó kí iná kékeré kan tó kún. Bó ṣe pẹ́ sí ló fi ń mọ ibi tí ọ̀pá wà. Bí joystick bá ti gbó díẹ̀, òǹkà á ṣì, bààlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. USB, tó jáde ní 1996, mú ìrọ̀rùn wá: joystick ló ń ka ara rẹ̀ báyìí, nọ́ńbà ló ń fi ránṣẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Ohun mẹ́rin la máa ń ní kí àwọn àbúrò wa wò.

Àkọ́kọ́ ni ẹsẹ̀. Pẹ́dàlì ẹsẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n joystick kan wà tí a lè yí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́, èyí á sì ṣiṣẹ́ ìtọ́kọ̀. Logitech Extreme 3D Pro ní in, Thrustmaster T.16000M náà ní in. Ẹ má ra èyí tí kò yí. Láìsí ìtọ́kọ̀, ẹ ò lè kọ́ bí a ṣe ń balẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́.

Ìkejì ni throttle, ibi tí a ti ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Kékeré tó wà ní ìdí joystick ti tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iye bọ́tìnnì tàn yín jẹ. Bọ́tìnnì ò sọ ẹnikẹ́ni di awakọ̀.

Ìkẹta ni eruku. Sẹ́ńsọ̀ tó ń fara ra ara rẹ̀ máa ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀, eruku ọyẹ́ wa sì máa ń yára bà á jẹ́. Sẹ́ńsọ̀ Hall, tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, kì í fara kan ara rẹ̀. Edwin Hall ló ṣàwárí ìlànà rẹ̀ ní 1879. T.16000M ń lò ó. Bí owó bá gbé e, òun ni kí ẹ rà. Bí kò bá gbé e, ẹ máa fi aṣọ bo tiyín lẹ́yìn eré.

Ìkẹrin ni ọwọ́ yín gan-an. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ dì í mú kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì ní láti wá èyí tí a lè tún tò fún ọwọ́ òsì, nítorí ọ̀pọ̀ joystick, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání. Lórí Windows, ẹ tẹ joy.cpl, ojú ibi ìdánwò á ṣí. Ẹ rọra ti ọ̀pá láti igun dé igun. Bí àmì ojú rẹ̀ bá ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ni ín. Ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó padà sí àárín.

Tí ẹ bá délé, ẹ lọ sí ibi ètò joystick nínú géèmù. Ẹ ṣe ààyè díẹ̀ ní àárín tí ọ̀pá ò ní í ṣe nǹkan kan, kí bààlúù má máa gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ títì rẹ̀ rọ̀, kó tó máa le lápá ìparí. Lẹ́yìn náà, ìka ni kí ẹ fi dì í mú, ẹ má fi gbogbo ọwọ́ gbá a mọ́ra. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń já lulẹ̀ nínú géèmù, àtìjù ló ń já wọn.

Ẹni tí kò lówó géèmù lè lo FlightGear, ọ̀fẹ́ ni, a sì lè gba àwòrán ilẹ̀ agbègbè wa sílẹ̀ ṣáájú kí dátà má báa tán. Microsoft Flight Simulator ti 2020 rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń fa àwòrán ilẹ̀, ó sì ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbéra láti pápákọ̀ Ìlọrin nínú Cessna 172, kí ẹ kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ yà díẹ̀ sí àríwá. Tó bá di nǹkan bí 120 kìlómítà, Ṣakí nìyẹn. Àkókò tí ẹ máa lò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Blériot lórí omi dọ́gba. Ẹ yí sí gúúsù gba Ìsẹ́yìn, kí ẹ wá òkè Adó-Àwáyè lójú ọ̀nà, kí ẹ sì balẹ̀ ní Ìbàdàn.

A ò ní tàn yín: wákàtí tí ẹ bá lò nílé ò ní wọ ìwé àṣẹ awakọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n láti 1988 tí Airbus A320 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, ọ̀pá kékeré bíi joystick ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sì ń ka ohun tí ọwọ́ sọ. Ọ̀gá awakọ̀ tó jókòó lápá òsì, ọwọ́ òsì ló fi ń wà á. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń fẹ̀sọ̀ ti ọ̀pá, tí ó sì ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọwọ́, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá là fún un, ì báà jẹ́ ní Zaria, ì báà jẹ́ ní Ìlọrin.

Torí náà, ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ wá joystick tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí, tó ní throttle, tí eruku wa ò ní tètè pa. Kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó sanwó.