Mathabar Singh Thapa: ọ̀gágun tí ọmọ arábìnrin rẹ̀ yìnbọn pa

1/ Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Òwe yìí máa gbé wa dé Nepal lónìí.

Lóru ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún 1845, wọ́n ránṣẹ́ pe olórí ìjọba ibẹ̀, tó tún jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn ológun, wá sí ààfin. Ó lọ. Òkú ẹ̀ ló jáde. Ta ló yìnbọn fún un? Ọmọ tí arábìnrin ẹ̀ bí. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ 👇🏾

2/ Mathabar Singh Thapa lorúkọ ẹ̀. Ilé ológun ni wọ́n bí i sí, ní agbègbè Gorkha. Bàbá bàbá ẹ̀, Amar Singh Thapa, ológun ni. Bàbá ẹ̀, Nain Singh, ológun ni. Ogun Kangra ló bá a lọ.

Àmọ́ ẹni tó sọ ilé Thapa di ńlá ni ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, Bhimsen Thapa. Láti 1806 títí di 1837, Bhimsen ló ń darí Nepal. Ọba wà lórí ìtẹ́ o, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bhimsen lọ̀bẹ àti iṣu wà.

3/ Bhimsen yìí ló kojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun 1814 sí 1816. Nepal pàdánù ogun náà, ilẹ̀ ńlá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn nínú àdéhùn Sugauli. Síbẹ̀, Bhimsen ò kúrò lórí àga.

Ogun òde ò rí i gbé ṣe. Ọ̀tá ẹ̀ wà nílé: ìdílé Pande.

4/ Kí ló fa ìjà? Ní 1804, wọ́n pa Damodar Pande tó ń darí ìlú nígbà yẹn, ọwọ́ Bhimsen sì wà nínú ẹ̀. Damodar lọ́mọ. Ranajang lorúkọ ọmọ náà, kò sì gbàgbé.

Ẹ wá gbọ́ èyí: ìyá tó bí Mathabar, ọmọ ilé Pande ni! Àna ara wọn làwọn tó ń para wọn yìí.

5/ Ní 1837, ọmọ ọba kan tó ṣì kéré kú lójijì. Wọ́n ní Bhimsen ló wà nídìí májèlé tó pa á. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n gba gbogbo ohun ìní ẹ̀. Ranajang Pande gorí oyè.

Ní 1839, ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Bhimsen lẹ́wọ̀n pé wọ́n máa mú ìyàwó ẹ̀ rìn káàkiri Kathmandu níhòòhò. Ó fi ọ̀bẹ khukuri ya ara ẹ̀ lọ́fun. Ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi jẹ̀rora kó tó kú. Wọn ò sin ín. Etí odò ni wọ́n ju òkú ẹ̀ sí fún igúnnugún.

6/ Íńdíà ni Mathabar wà nígbà tí Bhimsen kú. Ìgbèkùn ni. Ní 1843, olorì Rajya Lakshmi pè é padà sílé. Ó di olórí ìjọba, ó sì gbẹ̀san: wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn Pande, wọ́n sì ní Bhimsen ò jẹ̀bi.

7/ Ṣùgbọ́n olorì ò pè é lásán. Ọmọ tirẹ̀ ló fẹ́ fi jọba. Surendra, ọmọ olorì àgbà tó ti kú, ni oyè tọ́ sí, ẹ̀yìn Surendra yìí ni Mathabar sì dúró sí. Ọ̀rẹ́ wá dọ̀tá.

8/ Wọ́n nílò ẹni tí Mathabar ò ní fura sí. Wọ́n mú Jung Bahadur. Bàbá kan ló bí ìyá ẹ̀ àti Mathabar. Bir Narsingh ni wọ́n sọ ọ́ níjọ́ tí wọ́n bí i. Mathabar ló fún un ní “Jung Bahadur”. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ló yìnbọn fún 💔

Wọ́n ní ara olorì ò yá, kí Mathabar máa bọ̀ kíákíá. Bó ṣe wọlé, ìbọn dún. Ọba kọ́kọ́ ní òun lòún pa á. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Jung ní bí kò bá pa á, wọ́n á pa òun náà.

9/ Oṣù kẹsàn-án 1846, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ìjòyè lóru ọjọ́ kan ní Kot, níbi tí ọba ń kó ohun ìjà sí. Ilẹ̀ mọ́, Jung di olórí ìjọba. Olorì tó rán an níṣẹ́ ńkọ́? Jung lé e kúrò nílùú. Ìdílé ẹ̀, tí wọ́n wá ń jẹ́ Rana, ló di Nepal mú títí di 1951. Àwọn ọba kàn jókòó lásán ni.

10/ Ẹ kà á: 1804, 1839, 1843, 1845, 1846. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn rò pé ẹ̀san tòun ló máa parí ọ̀rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá jà, wọn ò rí ilé Thapa wó. Ọmọ ilé ló wó o.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Jung lóru ọjọ́ yẹn, tí wọ́n gbé ìbọn fún yín, kí lẹ máa ṣe? Mò ń ka èsì yín.