Àpapọ̀ Oògùn fún Jẹjẹrẹ Awọ Ara: Ìtàn Ìdánwò Rẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Olùkọ́

Ìfáárà
Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àgbo wa kì í ṣe ewé kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ìgbà ni àpapọ̀ oògùn ń ṣiṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ? Ìtàn ìtọ́jú melanoma, jẹjẹrẹ awọ ara tó máa ń tètè tàn kálẹ̀, ni iṣẹ́ yìí fi dáhùn.

Láti oògùn kan dé méjì
Ní 1975, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí dacarbazine fún melanoma tó ti tàn ká ara. Ìwọ̀nba aláìsàn ló ràn lọ́wọ́. Àwọn dókítà wá ń da oògùn mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ní 1999, àbájáde ìdánwò kan jáde tó fi àpapọ̀ oògùn mẹ́rin wé dacarbazine nìkan lára aláìsàn 240. Àpapọ̀ náà kò fa ẹ̀mí wọn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìnira ló fi kún un.

Ipilimumab (2011) àti nivolumab (2014) gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń tú ìjánu tó dá àwọn ọmọ ogun ara dúró, kí wọ́n lè bá jẹjẹrẹ jà. Nínú ìdánwò CheckMate 067, wọ́n ṣẹ́ kèké pín aláìsàn 945 sí ọ̀nà mẹ́ta. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń gbà, dókítà náà kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọdún 10, nínú 100 tó gba oògùn méjèèjì, 43 ṣì wà láàyè. Ti nivolumab nìkan jẹ́ 37, ti ipilimumab nìkan jẹ́ 19. Àmọ́, ó ju ìdajì àwọn tó gba méjèèjì lọ tí oògùn náà ni lára gidigidi.

Ara ta ni wọ́n ti dán an wò?
Aláwọ̀ funfun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo aláìsàn 945 náà. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí abẹ́ èékánná ni melanoma ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ ló pa Bob Marley ní 1981, lẹ́ni ọdún 36. Oòrùn kọ́ ló sábà ń fa irú yìí, oògùn wọ̀nyí kì í sì í sábà ràn án tó irú ti oòrùn.

Ìdánwò oògùn kò ṣàjèjì sí wa. Ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù, fi oògùn tọ́jú jẹjẹrẹ Burkitt tó ń ṣe àwọn ọmọdé. Ní 1972, òun àti àwọn onímọ̀ tó ń lo àpapọ̀ oògùn fún jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà jọ gba ẹ̀bùn Lasker.

Ìkádìí
Àpapọ̀ nìkan kọ́ ni agbára. Ìdánwò tí kò ṣègbè ló ń fi òtítọ́ hàn, ó sì yẹ kí ó kan irú ara tiwa náà. Ẹ jẹ́ kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní ohun tí ìdánwò oògùn jẹ́, kí ẹni tí wọ́n bá pè sí i lè yé kí ó tó fọwọ́ síwèé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sì mọ̀ pé àmì dúdú tó ń gbòòrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi abẹ gé nílé. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí wọ́n gbé e lọ ní kíá.