Ọjọ́ Ẹtì ní Ilé Aṣòfin Ìbàdàn

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Karùn-ún, 1962. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù. Àwọn aṣòfin ń wọ gbọ̀ngàn Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn n'Ìbàdàn. Ilé yìí ló fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Lónìí, ọ̀rọ̀ ta ni olórí ìjọba ló wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá nípò, ó fi Dáúdà Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀. Lẹ́tà kan ló gbára lé. Aṣòfin 66 ló fọwọ́ sí i pé àwọn kò tẹ̀lé Akíntọ́lá mọ́. Akíntọ́lá ní òun kò lọ. Àwọn aṣòfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ju bíi mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alátakò NCNC dúró tì wọ́n.

Aago mẹ́sàn-án. Abẹnugan, Ọmọọba Adélékè Adédoyin, gba orí àga rẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ wà lórí tábìlì. Bí ọ̀pá náà kò bá sí níbẹ̀, Ilé kò jókòó. Ohun yòówù tí wọ́n bá sọ, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Wọ́n gbàdúrà.

Àdúrà parí. Olóyè J. A. O. Ọdẹ́bìyí dìde láti dá àbá àkọ́kọ́. Àbá kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ tán tí E. O. Oke, ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá, fi fò gun orí tábìlì. Ó ń pariwo pé iná ń jó lórí òkè. Ó gbé àga, ó jù ú. Ó tún gbé òmíràn.

E. Ebubedike, tóun náà wà lẹ́yìn Akíntọ́lá, ki ọ̀pá àṣẹ mọ́lẹ̀. Ó gbé e sókè, ó fẹ́ fi lu Abẹnugan. Kò bà á. Orí tábìlì ni ọ̀pá náà bà sí. Ó kán.

Àga ń fò káàkiri. Ọ̀kan ba Mínísítà Kessington Momoh lórí. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ Adégbẹ́nró, yóò sọ lẹ́yìn náà pé àwọn èèyàn tòun kò kúrò lórí ìjókòó. Ọlọ́pàá wọlé. Wọ́n yin tajútajú. Ẹni tó ju àga àti ẹni tí kò jù, gbogbo wọn fi ẹ̀hìn ọwọ́ nu ojú jáde. Abẹnugan sún ìjókòó sí aago mọ́kànlá.

Kí aago mọ́kànlá tó lù. Ọ̀rọ̀ dé Èkó, nítorí ìjọba àpapọ̀ ló ni ọlọ́pàá. Adégbẹ́nró ń fẹ́ kí ọlọ́pàá ṣọ́ Ilé kí iṣẹ́ lè ṣeé ṣe. Olóòtú Ìjọba, Abubakar Tafawa Balewa, fèsì. Ilé lè jókòó. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí wọ́n bá ṣe lábẹ́ ìṣọ́ ọlọ́pàá, ìjọba àpapọ̀ kò ní kà á sí.

Aago mọ́kànlá kọjá. Wọ́n tún jókòó. Ariwo tún sọ. Àga tún gbéra. Ọlọ́pàá yin tajútajú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n lé gbogbo èèyàn síta, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni kò dìbò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Karùn-ún. Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ jókòó l'Ékòó. Balewa dá àbá pé kí wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì. Wọ́n dìbò, wọ́n fọwọ́ sí i. Gómìnà, olórí ìjọba, mínísítà, aṣòfin, gbogbo wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí wá láti Èkó láti ṣàkóso. Bí Àbújá ṣe rí lónìí ni gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn rí títí 1962 fi parí: kò sí ilé aṣòfin tirẹ̀, àwọn aṣòfin àpapọ̀ ló ń ṣòfin fún un, ẹni tí ìjọba àpapọ̀ yàn ló ń pàṣẹ.

Oṣù Kínní, 1963. Pàjáwìrì parí. Akíntọ́lá padà sórí àga láìsí ìdìbò.

Oṣù Karùn-ún, 1963. Àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ lẹ́tà ọjọ́ Ajé yẹn. Wọ́n ní lẹ́tà náà tó. Òfin kò ní kí Gómìnà dúró de ìbò nínú Ilé kó tó yọ olórí ìjọba. Ìbò tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fọ́ orí mínísítà, tí ọ̀pá àṣẹ tìtorí ẹ̀ kán, kò pọn dandan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn yára jókòó. Ó tún òfin náà ṣe, ó sì dá ọjọ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn sí Oṣù Kẹwàá 1960, kí ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù má bàa mú ẹnikẹ́ni. Akíntọ́lá kò kúrò.