Kì Í Ṣe Rutherford Nìkan Ló Rí Kókó Átọ̀mù

Ìtàn tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa kókó átọ̀mù kò gùn. Ernest Rutherford ta èérún alpha lu wúrà tí wọ́n lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, díẹ̀ nínú wọn ta padà, ojú ẹsẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé nǹkan kan ká jọ sáàárín átọ̀mù. Ó dùn ún gbọ́, ó rọrùn láti há sórí de ìdánwò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn wo ló ṣe iṣẹ́ náà gan-an? Orúkọ méjì péré ló wà lórí ìwé ìwádìí tó kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1909: Hans Geiger, ará Jámánì, àti Ernest Marsden, ọmọ ogún ọdún tí kò tíì gboyè jáde ní Yunifásítì Manchester. Rutherford ni ọ̀gá wọn, òun ló sì ní kí Marsden wò ó bóyá èérún alpha lè ta padà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Geiger àti Marsden ló fi ojú ara wọn ṣe é.

Iṣẹ́ ojú sì ni lóòótọ́. Inú yàrá tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń jókòó sí títí òkùnkùn yóò fi mọ́ wọn lójú, kí wọ́n tó tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù tó dojú kọ pátákó kékeré kan tí wọ́n fi zinc sulphide kùn. Bí èérún kan bá bà á, iná bíńtín á tàn fìrí, á sì kú. Wọ́n ti fi òjé dínà kí èérún kankan má baà gba ọ̀nà tààrà débẹ̀. Iná tó bá tàn, ti èyí tó ta padà ni. Wọ́n á kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wúrà ńkọ́? Ọ̀kan lára mẹ́táàlì mẹ́jọ tí wọ́n lò ni: òjé, wúrà, plátínọ̀mù, tánganran, fàdákà, bàbà, irin àti alumíníọ̀mù. Kódà, ara plátínọ̀mù ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé nínú nǹkan bí 8,000 èérún, ẹyọ kan ló ń padà sẹ́yìn.

“Ojú ẹsẹ̀” yẹn ló tún ṣini lọ́nà jù. Ọdún 1911 ni Rutherford tó tẹ àlàyé tirẹ̀ jáde. Èrò J. J. Thomson ló gbòde nígbà náà: agbára iná pọ́sítíìfù tàn ká gbogbo átọ̀mù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì wà káàkiri inú rẹ̀. Rutherford ṣe ìṣirò, ó rí i pé bí èérún bá ń yà díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn ò lè dá a padà tó bẹ́ẹ̀. Ìkọlù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú agbára iná tó ká jọ sójú kan. Síbẹ̀, kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà bóyá pọ́sítíìfù ni àárín náà tàbí nẹ́gátíìfù. Ó tiẹ̀ dárúkọ Hantaro Nagaoka, ará Japan, tó ti dábàá lọ́dún 1904 pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí ohun ńlá kan po láàárín átọ̀mù.

Lẹ́yìn náà, Geiger àti Marsden tún padà sínú òkùnkùn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1913. Wọ́n ka iná tó lé ní 100,000, wọ́n yí igun padà, wọ́n pààrọ̀ mẹ́táàlì, ohun tí wọ́n rí sì bá ìṣirò ọ̀gá wọn mu. Ibẹ̀ ni àlàyé náà ti rí ẹsẹ̀ dúró.

Ìwé ilé-ìwé tó bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí ò nílò àfikún ojú ewé: Geiger àti Marsden rí i ní 1909, Rutherford sọ ohun tó túmọ̀ sí ní 1911, àwọn méjì yẹn náà ló sì dán an wò, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1913.