Àfòmọ́ Tí Ó Ní Gbòǹgbò: Ìtàn Ọ́kíìdì Láti Orí Ọ̀pẹ Dé Inú Ike

Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa bí wọ́n bá rí ẹni tí ó ń fi ara mọ́ ará ilé onílé: “Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ni í bá tan.” Òwe náà mú, ó sì bá ìwà ọmọ ènìyàn wí. Ṣùgbọ́n ewéko kan wà lára igi ọ̀pẹ wa tí òwe yìí ń kó bá láìmọ̀. Ọ́kíìdì ni. Ìtàn rẹ̀, àti ohun tí ojú rí nígbà tí wọ́n gbìn ín sínú ike tí ó mọ́ gaara, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Mọ́fíìmù mẹ́ta ni ó wà nínú “àfòmọ́”: à-, fò, àti mọ́. Ohun tí ó fò, tí ó sì lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ gírámà yà lò fún à- tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni à ń pè é, nítorí pé kò lè dá dúró, àfi kí ó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú oko àti nínú gírámà, èrò kan náà ni: ẹni tí kò lè dá dúró.

Àfòmọ́ gidi nínú oko yẹ fún òwe náà. Ẹyẹ ni í jẹ èso rẹ̀, kóró rẹ̀ a máa fà bí oje, a sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka kòkó, obì tàbí ọsàn. Bí ó bá hù, yóò gún ara ẹ̀ka náà, yóò sì máa mu nínú omi tí igi ń fà láti ilẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀ka a gbẹ. Àgbẹ̀ tí ó ń gé e dànù kò ṣẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọ́kíìdì. Kóró rẹ̀ kéré bí ìyẹ̀fun, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e. Tí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, òun gan-an ni ó fò tí ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n kì í gún igi, kì í sì mu nínú omi rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kàn ń di èèpo igi mú ni. Omi òjò àti ìrì ni ó ń mu, ohun tí ó rà nínú ewé tí ó jábọ́ sí ìdí rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ajílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó sì fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Àlejò tí ó wọ̀ sí yàrá ẹni, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni du ìkòkò ọbẹ̀.

Bí ọ́kíìdì orí ọ̀pẹ wa ṣe dé inú ìwé àwọn onímọ̀ kan ìtàn èdè Yorùbá pàápàá. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Odò Ọya. Láti Sàró ni Samuel Àjàyí Crowther àti J. F. Schön ti bá wọn lọ ní orúkọ ìjọ CMS. Onímọ̀ ewéko kan láti Jámánì, Theodor Vogel, wà nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni olùtọ́jú ọgbà kan tí ń jẹ́ John Ansell. Ibà kọ lù wọ́n. Òyìnbó tí ó ju ogójì lọ ni ó bá ìrìn àjò náà lọ sí ọ̀run. Vogel fúnra rẹ̀ kú ní erékùṣù Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko lónìí, ní oṣù Kejìlá ọdún 1841.

Ní erékùṣù yìí kan náà ni Ansell ti rí ewéko kan lára igi ọ̀pẹ: igi rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrèké kékeré, òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ní tótòtó bí awọ ẹkùn. Ní 1844 ni John Lindley ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́ ní Ansellia africana. Ọdún kan ṣáájú, ní 1843, ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther kọ ti jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù kan náà. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni ó so ẹni tí ó kó ọ̀rọ̀ wa jọ pọ̀ mọ́ ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko orí ọ̀pẹ.

Ṣé àwọn òyìnbó tí ó fún un lórúkọ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Rárá o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìfẹ́ ọ́kíìdì gba ọkàn àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú wọn, inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò ń gbé. Wọ́n bo gbòǹgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ inú ilé tí ó gbóná, tí ó rin gbingbin, tí atẹ́gùn kò wọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó jẹrà kú.

Dígí ni ó kọ́kọ́ mú ìrọ̀rùn wá. Ní 1829, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Nathaniel Bagshaw Ward, ṣàkíyèsí pé ewéko hù nínú ìgò tí ó dé pa, kò sì kú. Ní 1833, ó fi ewéko ránṣẹ́ sí Sydney ní Australia nínú àpótí onídígí, wọ́n sì dé láàyè. Láti ìgbà náà ni ewéko ti ń la òkun já nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí àlejò gúnlẹ̀ láàyè, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ní Chatsworth, Joseph Paxton bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ kí atẹ́gùn wọ inú ilé ọ́kíìdì, kò sì fi ooru kan náà tọ́jú gbogbo wọn. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ènìyàn kọ́ láti so ó mọ́ pákó, tàbí kí wọ́n gbé e kọ́ sínú agbọ̀n. Ọgbọ́n tí ọ̀pẹ ti mọ̀ tipẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Ike ni ó wá parí ẹ̀kọ́ náà ní àkókò tiwa. Ọ́kíìdì tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà àgbáyé, Phalaenopsis, tí ó wá láti Éṣíà, ni wọ́n ń gbìn lọ́pọ̀ yanturu ní ilẹ̀ Netherlands, inú ike tí ó mọ́ gaara sì ni wọ́n sábà máa ń tà á. Ohun tí ìkòkò amọ̀ ń bò mọ́lẹ̀ wá hàn kedere.

Kí ni ojú rí? Ó rí i pé ẹ̀wù ni gbòǹgbò náà wọ̀. Velamen ni orúkọ ẹ̀wù yìí lẹ́nu àwọn onímọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ bíi kànrìnkàn. Bí ó bá gbẹ, funfun bíi fàdákà ni àwọ̀ rẹ̀. Bí omi bá kàn án, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni yóò ti fà á mu, yóò sì yí padà sí àwọ̀ ewé, nítorí pé ohun tí ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀wù náà. Gbòǹgbò tí ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀ lára ń fi ìmọ́lẹ̀ náà se oúnjẹ díẹ̀. Èyí tí ó wà nínú òkùnkùn a máa ṣì ràndánràndán. Ewéko náà kò ní torí èyí kú, nítorí pé ewé rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó ń gbìn ín ni ike náà ń ràn lọ́wọ́ jù lọ. Bí gbòǹgbò bá funfun, kí ó bu omi. Bí ó bá tutù yọ̀yọ̀, kí ó ní sùúrù. Bí ó bá dúdú tí ó sì rọ̀ bọ̀tọ̀, omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ sì ti kéré. Gbòǹgbò mìíràn a máa fẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ara ike bí ẹni pé èèpo igi ni. Òmíràn a yọrí jáde síta. Àìsàn kọ́, ìwà rẹ̀ ni.

Ti Ansellia tún yàtọ̀. Yàtọ̀ sí gbòǹgbò tí ó fi di igi mú, a máa nà àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè, ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, láti fi gbá ewé tí ó ń jábọ́ mú. Ẹ̀yà ọ́kíìdì kan sì wà ní Áfíríkà, Microcoelia, tí kò ní ewé rárá. Gbòǹgbò rẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ ewé. Ẹ wá wò ó: nínú àwọn tí a ní wọn kò ní gbòǹgbò, a rí èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì gbòǹgbò.

Ohun tí ó jẹ́ kí a ṣì í mú kò ṣòro láti rí. Nínú èdè wa, ohun tí ó fara sin ni gbòǹgbò. “Gbòǹgbò ọ̀rọ̀” ni ìdí ọ̀rọ̀ tí kò hàn síta. Ẹni tí ó bá ń wá egbò igi fún oògùn, ilẹ̀ ni yóò gbẹ́. Ojú tí ó ti mọ ilẹ̀ ní ilé gbòǹgbò lè wo gbòǹgbò lára ọ̀pẹ ní ọ̀sán gangan, kí ó má sì rí i. Ohun tí ó ṣe àwọn òyìnbó ìgbà náà nìyẹn, òun náà ni ó ń ṣe wá. Àwọn fi ilẹ̀ bò ó títí ó fi kú. Àwa ń pè é ní àfòmọ́, a sì ń fi àdá gé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Alímọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ilẹ̀ Àwórì ni, ilẹ̀ oko àti ọ̀pẹ, kí ìgboro Èkó tó tàn dé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ilé gbé. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pẹ kan bá wó, gbogbo èrò orí rẹ̀ ni ó bá a lọ. Lára àwọn ọ̀pẹ tí ó ṣẹ́kù sí ọgbà ilé ìwé àti etí odò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “àfòmọ́ ni”, tó láti fi dá ọ́kíìdì lẹ́jọ́ ikú. Bẹ́ẹ̀ sì ni àfòmọ́ tí ń mu omi igi kì í sábà gbé ara ọ̀pẹ.

Nítorí náà, kí a tó yọ àdá, kí a wo ìdí ewéko náà. Bí gbòǹgbò funfun tí orí rẹ̀ tutù bá rọ̀ mọ́ èèpo láìgún igi, ọ́kíìdì ni ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ọ̀pẹ náà bá ti wó, ẹ lè gba èrò rẹ̀ là. Ẹ wá ike oúnjẹ tí ó mọ́ gaara, ẹ lu ihò sí ìdí àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ kó ègé èédú àti èèpo àgbọn sí i, kí ẹ gbé e sí abẹ́ òrùlé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn kò ti ní ta sí ike náà tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò fúnra rẹ̀ sọ ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Nígbà ọyẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi funfun.

Iṣẹ́ kan tún wà fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ tọ àwọn bàbá tí wọ́n ti fi igbà gun ọ̀pẹ rí ní agbègbè yín lọ. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ohun tí wọ́n máa ń bá lókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹni tí ó bá ọ̀pẹ ṣe ojúkojú mọ ohun tí ó wà lára rẹ̀ ju ẹni tí ó dúró nílẹ̀ lọ. Bí ewéko kan bá ní orúkọ tirẹ̀, kò ní jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn mọ́.